Ẹ Ka Ìwé Tíṣà Kí Ẹ Tó Pariwo

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Wọ́n ní ààrẹ fẹ́ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nílé ìwé. Tàbí gómìnà ni. Tàbí sẹ́nétọ̀ kan tó ń wá ìbò. Fóònù yín ò sinmi láti àárọ̀. Ẹnìkan ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù pé wọ́n fẹ́ ba àwọn ọmọ wa lọ́kàn jẹ́. Ẹlòmíì ní kí gbogbo òbí fi ọmọ sílé lọ́la.

Ẹ má fi ọmọ sílé. Ẹ má sì dákẹ́. Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lónìí, kò sì le. Ẹ lọ béèrè ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí tíṣà, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìwé tíṣà ni mo wí o. Ọ̀rọ̀ ààrẹ fúnra rẹ̀ nìkan kò tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009 ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ariwo 2009

Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2009, Barack Obama, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà láti inú ẹgbẹ́ Democrat, dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Wakefield High School ní Arlington, ìpínlẹ̀ Virginia. Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi gígùn ni. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sáfẹ́fẹ́, kí ilé ìwé tó bá fẹ́ lè tan tẹlifíṣọ̀n sí i. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ.

Kí ọjọ́ náà tó kò, ilé ti gbóná. Àwọn òbí ń pe ọ̀gá ilé ìwé láìsinmi. Jim Greer, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ Republican ní Florida nígbà náà, ní owó orí aráàlú ni wọ́n fẹ́ fi gbin èrò sọ́ṣálísíìmù Obama sọ́kàn àwọn ọmọdé. Ní Texas, ní Illinois, ní Minnesota, àní ní Virginia tí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé, àwọn ilé ìwé kan ní àwọn kò ní tan tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn ní òbí tí kò bá fẹ́ kí ó kọ̀wé wá. Àwọn òbí kan kò tiẹ̀ kọ̀wé, wọ́n fi ọmọ sílé.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìjọba gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà síta kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ó ní kí àwọn ọmọ máa fọ ọwọ́ wọn dáadáa, torí àìsàn ọ̀fìnkìn líle kan ń jà lọ́dún yẹn. Ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní ojúṣe òbí ni láti rí i pé ọmọ kò fi gbogbo ọjọ́ jókòó sídìí géèmù. Ó sọ pé bàbá òun fi ilé sílẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méjì. Ó sọ bí ìyá òun ṣe máa ń jí òun ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ní Indonesia kí àwọn lè jọ kàwé. Bí òun bá ráhùn, ìyá á ní kò dùn mọ́ òun náà. Ó sọ pé wọ́n yọ Michael Jordan kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé rẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n dá ìwé Harry Potter àkọ́kọ́ tí J. K. Rowling kọ padà kí ẹnìkan tó gbà á.

Ẹ̀yin ìyá, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín? Jí, fọwọ́, kàwé, gbé géèmù sílẹ̀. Àràárọ̀ lẹ ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ò kàn gba owó orí láti fi sọ ọ́ ni.

Nígbà tí Greer ka ọ̀rọ̀ náà tán, òun náà ní ó dára, òun yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ òun wò ó. Laura Bush, ìyàwó ààrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí oyè láti inú ẹgbẹ́ Republican, náà sọ ní gbangba pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀ kí ààrẹ gba ọmọ níyànjú láti kàwé.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tó fi ọmọ sílé lọ́jọ́ yẹn dájọ́ kí wọ́n tó gbọ́.

Ẹ̀bi tó wà nínú ìwé tíṣà

Ṣé kò wá sí ẹ̀bi kankan ni? Ó wà. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn ò wò ni ó wà.

Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, tí Arne Duncan jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, ti fi ìwé ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwé. Ìwé náà dá oríṣiríṣi iṣẹ́ lábàá tí tíṣà lè fún ọmọ ṣe ṣáájú ọ̀rọ̀ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré. Ó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ara wọn nípa ohun tí wọ́n lè ṣe láti ran ààrẹ lọ́wọ́.

Ọmọ ọdún méje. Kí ó jókòó sí kíláàsì, kí ó máa ro bí yóò ṣe ran olóṣèlú lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ìyẹn kò dára. Kò dára bí olóṣèlú náà bá jẹ́ ẹni rere. Kò dára bí ẹ bá tilẹ̀ dìbò fún un.

Àwọn tó ka ìwé náà rí gbólóhùn yìí, wọ́n tọ́ka sí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba yí i padà. Ó di pé kí ọmọ kọ nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ dé níbi ẹ̀kọ́ àti bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ wo ìyàtọ̀. Ẹni tó ń pariwo sọ́ṣálísíìmù kò rí nǹkan kan gbà ju pé ọmọ rẹ̀ pàdánù ọjọ́ ilé ìwé. Ẹni tó fi ìka lé gbólóhùn kan ló rí àtúnṣe. Ẹ fi ìka lé gbólóhùn. Ohun tí ilé ìwé lè tún ṣe nìyẹn. Kò sí ọ̀gá ilé ìwé tó lè tún ìbínú ṣe.

Obama tún bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Philadelphia ní 2010 àti ní Washington ní 2011. Ariwo rẹ̀ kò dé ìdajì ti àkọ́kọ́.

Ẹ yẹ ara yín wò

Kí ẹ tó kọ̀wé sí tíṣà, ẹ bi ara yín léèrè ohun kan, kí ẹ sì dáhùn lóòótọ́. Bó bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tèmi ló fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí, ṣé inú á bí mi?

Mo mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá, 1991, George H. W. Bush, ààrẹ nígbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, lọ sí Alice Deal Junior High School ní Washington. Òun náà bá àwọn ọmọ káàkiri orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun náà ní kí wọ́n kàwé. Ta ló fárígá? Ẹgbẹ́ Democrat ni. Richard Gephardt, aṣáájú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní kò yẹ kí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ máa fi owó ìjọba polówó ààrẹ. Wọ́n ní kí àwọn aṣàyẹ̀wò owó ìjọba tú ìwé owó náà wò. Wọ́n rí i pé $26,750 ló bá a lọ. Wọn kò rí ibi tí wọ́n ti rú òfin.

Ọdún méjìdínlógún ló wà láàárín Bush àti Obama. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ariwo kan náà ni. Ẹnu tó ń pa á nìkan ló yàtọ̀.

Ààrẹ Ronald Reagan ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní Oṣù Kọkànlá 1988. Òun kò tiẹ̀ fi mọ sórí ẹ̀kọ́. Ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ owó orí pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo wọn. Bó bá burú lọ́wọ́ ọ̀tá yín, ó burú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ ò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé kálámù sílẹ̀ ná. Àwọn ọmọ ń wò yín. Wọ́n tètè ń mọ̀ bí òdodo bàbá wọn bá ní ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń tẹ̀ lé.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ máa bi tíṣà

Ẹ má lọ jà. Ẹ má lọ pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Ẹ lọ ní ẹ̀yin nìkan, tàbí kí ẹ pè é, tàbí kí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè mẹ́ta péré.

Àkọ́kọ́: ta ló ń sọ̀rọ̀, kí ló sì gbé wọ̀? Ààrẹ lè wá gẹ́gẹ́ bí olórí orílẹ̀-èdè. Ó sì lè wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ìbò. Èèyàn kan náà ni, aṣọ ọ̀tọ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ń dárúkọ ẹgbẹ́ alátakò, bó bá ti ń ka iṣẹ́ tí òun ti ṣe, bó bá ti ń ní kí ọmọ lọ bá òbí sọ̀rọ̀ nípa ìbò, kàmpéènì ti dé. Kí wọ́n gbé e lọ sí pápá ìpolongo.

Èkejì: kí ni ọmọ máa ṣe lẹ́yìn tó bá gbọ́ tán? Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀, kò pa á lára. Kí wọ́n ní kí ó kọrin ìyìn, kí ó kọ lẹ́tà ọpẹ́, kí ó ya àwòrán olóṣèlú, kí ó ṣèlérí àtìlẹ́yìn, ìyẹn ni kí ẹ kọ̀. Ẹ ní kí tíṣà fi ìbéèrè sí ipò rẹ̀. Kí ni ó sọ? Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Kí ni ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ máa sọ?

Ẹ̀kẹta: bí ọmọ kan kò bá fẹ́ gbọ́, kí ni wọ́n máa ṣe fún un? Kí wọ́n má dójú tì í. Kí wọ́n má dá a dúró síta bí ẹni tó jalè. Kí ó lè lọ sí yàrá ìkàwé, kí ó sì rí iṣẹ́ gidi ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ sílé ìwé ní Houston, ní Maryland, ní Brooklyn, ìbéèrè kejì yẹn ní ìtìlẹ́yìn òfin. Ní 1943, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ àwọn ìdílé Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan láti West Virginia. Wọ́n ti lé àwọn ọmọ wọn kúrò nílé ìwé torí pé wọn kò kí àsíà. Ilé ẹjọ́ ní kò sí aláṣẹ tó lè fi ipá mú ọmọ ilé ìwé kí àsíà tàbí kí ó fẹnu jẹ́wọ́ ohun tí kò gbàgbọ́. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ yìí o. Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè gbóná lọ́kàn gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, wọ́n dá a bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù láti béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kì í ṣe àlejò tí ẹ ó fi máa jókòó sẹ́yìn ní ìpàdé òbí bí ẹni tí wọ́n ṣe lóore. Ẹ ń san owó orí. Ọmọ yín wà ní kíláàsì náà. Ẹ nawọ́ sókè.

Ẹ̀yin ará England

Ẹ̀yin tó wà ní Peckham, ní Woolwich, ní Manchester, tiyín tiẹ̀ rọrùn jù. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 1996 ti sọ̀rọ̀ náà tán ní abala 406 àti 407. Ilé ìwé kò gbọdọ̀ máa gbé èrò ẹgbẹ́ òṣèlú kan lárugẹ nínú ẹ̀kọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìṣèlú bá sì wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ti ọ̀tún, kí ó gbọ́ ti òsì.

Òbí kan ti fi òfin yìí jà rí. Ní 2007, ìjọba fi fíìmù An Inconvenient Truth, èyí tí Al Gore, olóṣèlú ará Amẹ́ríkà, fi sọ̀rọ̀ lórí bí ayé ṣe ń gbóná sí i, ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ní England. Bàbá kan láti Kent, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé ìwé kan, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ó ní olóṣèlú ni Gore, fíìmù rẹ̀ sì gbè sẹ́yìn èrò kan.

Adájọ́ Burton kò ní kí wọ́n sun fíìmù náà níná. Ó ní ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ibi mẹ́sàn-án tó ti yẹ̀ kúrò lójú ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí. Ó ní kí wọ́n máa fi hàn, kí ìwé atọ́nà sì bá a lọ kí tíṣà lè ṣàlàyé àwọn ibi yẹn.

Ìdájọ́ àgbà nìyẹn. Ẹ má pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi àlàyé sí i. Ẹ̀yin kò nílò lọ́yà kí ẹ tó lè béèrè bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan sí ọ̀gá ilé ìwé ti tó. Ẹ kàn dárúkọ abala 406 àti 407 níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n á dá yín lóhùn.

Nílé ńkọ́?

Ẹ̀yin tó wà ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni. Tiwa kì í sábà wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ojú títì ni tiwa ti ń wá.

Olóṣèlú ń bọ̀, wọ́n á kó àwọn ọmọ jáde ní kíláàsì. Wọ́n á tò wọ́n sí ẹ̀bá títì nínú oòrùn. Wọ́n á fún wọn ní àsíà kékeré. Ọkọ̀ dúdú méje á sáré kọjá, kò sí ẹni tó sọ gíláàsì kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ọjọ́ yẹn ti lọ.

Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé tí ọmọ fi ń kọ iṣẹ́. Àwòrán gómìnà ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àpò ìwé ńkọ́? Orúkọ aṣòfin ló wà lára rẹ̀. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 Oṣù Karùn-ún, ọmọ á yan kọjá ní pápá ìṣeré, á wá dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn nípa títì tí wọ́n dá àti ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́. Ọjọ́ ta ni gan-an?

A ti mọ́ra. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ní 2009, àwọn òbí Amẹ́ríkà pariwo ju bó ti yẹ lọ. Àwa kì í pa ariwo rárá. Ẹ jẹ́ ká wá àárín.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní ìwé ọ̀fẹ́, ẹ gbà á. Ìwé ni, owó wa ni wọ́n fi rà á. Ẹ fi kálẹ́ńdà àtijọ́ bò ó, bí àwọn òbí wa ṣe máa ń bo ìwé tiwa. Ìwé á pẹ́, àwòrán á sì sinmi.

Bí wọ́n bá fẹ́ kó ọmọ lọ sójú títì, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ bi í wéré. Aago mélòó ni wọ́n máa jáde? Aago mélòó ni wọ́n máa padà? Ta ló máa fún wọn lómi? Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n máa pàdánù, ìgbà wo ni wọ́n máa kọ́ ọ? Ọ̀gá ilé ìwé pàápàá lè máa wá ẹni tó máa béèrè. Àṣẹ ló ti òkè wá bá òun náà. Bí òbí mẹ́wàá bá béèrè, ó ti rí ohun tó máa sọ fún àwọn ará òkè.

Ẹ sì lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ má rán ẹ̀gbọ́n ọmọ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ irú nǹkan wọ̀nyí, nígbà tí ẹ̀yin wà lọ́jà.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Tẹlifíṣọ̀n ti kú. Ọmọ ti délé. Iṣẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí ó jẹun ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó sọ ohun tó gbọ́. Ẹ má kọ́kọ́ sọ tiyín. Bí ẹ bá ti bú ààrẹ náà kí ọmọ tó lanu, ọmọ á kàn sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ kò ní mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ bi í: kí ló sọ tó dùn mọ́ ọ? Kí ló sọ tí kò dá ọ lójú? Kí ni kò sọ? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ fún un láyè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ní, "Ó ní ká kàwé, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò." Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ ní kí ó tún un sọ.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ fi ti èdè kún un. Ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù, kí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ ààrẹ náà fún un ní Yorùbá. Bí kò bá mọ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá lè sọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lédè kan fún ìyá àgbà rẹ̀ lédè mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ti yé e délẹ̀. Ìyá àgbà náà á sì béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ní kíláàsì.

Bí ẹ̀yin àti ọmọ kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ èrò yín, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì jáwọ́. Ọmọ tó lè bá bàbá rẹ̀ jiyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní tábìlì oúnjẹ, olóṣèlú kan ò ní rí i tàn jẹ fún ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ràn wá lọ́wọ́

Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sílé kí ọjọ́ náà tó pé. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Ta ló ń sọ̀rọ̀, aago mélòó, iṣẹ́ wo ni ẹ máa fún ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Òbí tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sábà pariwo. Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ lálẹ́ ló ń bínú.

Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín láti òkè, ẹ kà á gẹ́gẹ́ bí òbí. Bí ẹ bá rí gbólóhùn tó ní kí ọmọ ran olóṣèlú lọ́wọ́, ẹ fi kálámù yọ ọ́. Ẹ kọ tiyín síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ náà.

Ẹgbẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe, ẹ fi sílé. Ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin tí kò lọ́mọ nílé ìwé

Ẹ̀yin náà níṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àbúrò bàbá, ẹ má tan ohùn Wasáàpù tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá ká. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ìjọba sábà máa ń gbé e síta. Ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ìṣẹ́jú méjì nínú ogún fún yín, ẹ béèrè ibi tí méjìdínlógún yòókù wà.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tíṣà, àdúgbò nílò yín. Ìyá kan lókè ilé yín kò lè ka Òyìnbó dáadáa, ilé ìwé sì ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kà á fún un. Ẹ má bá a dá ìpinnu ṣe. Ẹ kà á, ẹ ṣàlàyé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó pinnu fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà, ìkéde yín ń dé etí tó pọ̀ ju ti rédíò lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ fi gbólóhùn kan kún un: òbí, lọ ka ohun tí ọmọ rẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fi ti ẹgbẹ́ kankan lé e.

Lẹ́tà náà rèé

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Èyí ni kí ẹ kọ. Ẹ fi orúkọ ọmọ yín sí i, kí ẹ sì yí i sí èdè tí tíṣà gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ olóṣèlú kan nílé ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè rí ọ̀rọ̀ náà, àti iṣẹ́ tí ẹ máa fún wọn ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nílé. Bí nǹkan kan bá wà nínú iṣẹ́ náà tí kò yé mi, màá pè yín. Ẹ ṣeun."

Kò sí èébú níbẹ̀. Kò sí ìhàlẹ̀. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́. Tíṣà tó bá rí i á mọ̀ pé òbí yìí ń bọ̀ wá kàwé, kò wá jà. Bó bá di ìpàdé, ẹ ti lórúkọ rere níbẹ̀.

Bí èsì bá dé, ẹ kà á tán. Ẹ wá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ ṣe. Bí gbólóhùn kan bá ní kí ó gbè sẹ́yìn ẹnìkan, ẹ fàlà sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ dípò rẹ̀. Bí kò bá sí irú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀.

Gbólóhùn kan péré ló nílò àtúnṣe ní 2009, àwọn tó ka ìwé tíṣà ló sì mú kí ìjọba tún un ṣe. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Tíṣà á rí i kí agogo ilé ìwé tó lù láàárọ̀ ọ̀la.